Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àyẹ̀wò Àwọn Ohun Inú Ilé Tó Lè Rọ́pò Ìpara Ìfárùngbọ̀n ní Agbègbè Òdìgbó àti Ọ̀rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn ohun inú ilé tó lè rọ́pò ìpara ìfárùngbọ̀n wò, pàápàá ní agbègbè Òdìgbó àti Ọ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kòkó àti ọ̀pẹ ti pọ̀. Ó fi hàn pé ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè kì í ṣe arọ́pò lásán fún ìpara inú túùbù. Ìbátan rẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ tí a lè fi dá èyí tó yẹ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń pa awọ ara lára. Ó mẹ́nu ba ewu tó wà nínú kí ènìyàn púpọ̀ máa lo abẹ kan ṣoṣo, ó sì parí pẹ̀lú ètò ìkọ́ni kan fún olùkọ́ èdè Yorùbá.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orí tí a fá dáadáa àti àgbọ̀n tó mọ́ tónítóní wà lára ẹ̀ṣọ́ tí ọkùnrin fi ń ròde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mọ èyí dájú, nítorí pé nígbà tí àkókò ìdánrawò ìkọ́ni bá tó, ìmúra rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ wò yóò kọ́kọ́ rí. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ra ìpara ìfárùngbọ̀n. Bí owó kò bá sí, ọ̀kan nínú ohun méjì ló sábà máa ń ṣe: yálà kí ó fi abẹ fá àgbọ̀n rẹ̀ ní gbígbẹ, tàbí kí ó bu ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sómi, kí ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọrùn rẹ̀ lè ti kún fún kókó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ tó ń yún un, tó sì ń ta á. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dúró níwájú kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lọ́rùn.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò le. Kí ló wà nínú ilé Yorùbá tó lè ṣe iṣẹ́ ìpara yìí láìpa awọ ara lára? Èwo nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń lò ni kò yẹ kí ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rárá? Ìbéèrè kẹta wà tó kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n: àwọn ọ̀rọ̀ wo ni Yorùbá ní fún gbogbo iṣẹ́ yìí, báwo ni a sì ṣe lè fi kọ́ ọmọ kí wọ́n má baà parun mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu?

Àlàyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ yìí ni "fá". Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni kí a fi ohun tó ní ẹnu họ ojú nǹkan títí ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò fi kúrò. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi ń fá ìkòkò ọbẹ̀, tí onígbàjámọ̀ sì ń fá orí. "Gé" yàtọ̀ sí i. Ẹni tó gé irun dín in kù ni. Ẹni tó fá irun mú un kúrò délẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé abẹ tó ń fá máa ń kan awọ ara, ẹ̀rọ tó ń gé lè má kàn án. Ohun tó bá ń kan awọ ara ló nílò ohun tí yóò jẹ́ kó yọ̀.

Nígbà tí "fá" bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ, ìpajẹ fáwẹ̀lì máa ń wáyé: fá + orí di fárí, fá + irun di fárun, fá + irùngbọ̀n di fárùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà "irùngbọ̀n" fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Irun àti àgbọ̀n ló pàdé. A pa fáwẹ̀lì "à" jẹ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ. Orí sílébù tó ṣáájú ló lọ bà sí. Bí a bá wá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" kún un, a ó ní ìfárí, ìfárun àti ìfárùngbọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ní "kíríìmù". Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ti ní "para", tó wá láti ara pa + ara, àti "ìpara" tó ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, "ìpara ìfárùngbọ̀n" ni iṣẹ́ yìí lò. Bó bá jẹ́ pé ọṣẹ ni, "ọṣẹ ìfárun" bá a mu.

Òdìgbó àti Ọ̀rẹ̀

Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó. Ojú ọ̀nà tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú Oǹdó ti ń yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, agbègbè yìí ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ-ogun Biafra tó ń bọ̀ wá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Lóde òní, ọjà ni ọ̀nà yìí ń kó kọjá. Ìpara inú túùbù ń ti Èkó wá. Òrí ń ti ilẹ̀ ọ̀dàn lókè wá. Àdín àgbọn ń ti etí òkun wá.

Ohun tí agbègbè náà ní nílé tirẹ̀ ló wá ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní iwájú láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú kòkó jáde ní Nàìjíríà, oko kòkó sì pọ̀ yí Òdìgbó ká. Ọ̀pẹ náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá ti fọ́ kòkó, tó ti kó èso inú rẹ̀, òkìtì èèpo ló máa ń kù sí oko. Bí èèpo náà bá jẹrà síbẹ̀, ó lè di ibùgbé fún àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá sá a tó gbẹ, tí a sì sun ún, eérú rẹ̀ di ohun èlò. Lára èèpo yìí àti lára ekùrọ́ tí a fi ń ṣe àdín ni ọṣẹ dúdú ti ń wá. Òwe náà bá a mu pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Irun Fífá Nínú Àṣà Yorùbá

Irun fífá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan láwùjọ Yorùbá. Ó jẹ mọ́ ìbí, ẹ̀sìn, oyè àti ikú. Àwọn Mùsùlùmí máa ń fá irun ọmọ tuntun ní ọjọ́ keje. Àwọn tó ń wọ ẹgbẹ́ awo òrìṣà mìíràn máa ń fárí kí ètò tó parí. Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí máa ń fá apá kan orí wọn, wọn a sì fi apá kejì sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ọba ló rán wọn níṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n máa ń fá irun opó láti fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá sì jẹ́ Dàda, a kì í ṣàdédé fi abẹ kan orí rẹ̀ láìṣe ètò tó yẹ.

Nítorí pé orí níyì, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ níyì. Òwe tó sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí kò fi ohun kan pamọ́: ẹni tí a fẹ́ fá lórí gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, kí ó sì fara balẹ̀. Ohun èlò onígbàjámọ̀ àtijọ́ kò pọ̀. Abẹ rẹ̀ wà nínú àpò awọ. Òkúta tó fi ń pọ́n ọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igbá omi àti ọṣẹ wà nílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi omi rẹ orí náà, yóò fi ọṣẹ pa á, yóò fi ọwọ́ ra á títí irun yóò fi rọ̀, kí ó tó gbé abẹ lé e. Ìgbésẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀dọ́ òde òní tó ń fá àgbọ̀n ní gbígbẹ gbàgbé. Àwọn àgbà kò ní ìpara inú túùbù, ṣùgbọ́n wọn kì í fárí gbígbẹ.

Iṣẹ́ tí Ìpara Ìfárùngbọ̀n Ń Ṣe

Kí a tó lè sọ pé ohun kan lè rọ́pò òmíràn, a gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ń ṣe. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìpara ìfárùngbọ̀n ń ṣe.

Èkíní ni pé ó ń mú kí irun rọ̀. Irun gbígbẹ le. Irun tó ti mu omi rọ̀, abẹ sì ń gé e láìlo agbára púpọ̀. Omi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Ìpara kàn ń di omi náà mú mọ́ ara irun kí ó má baà tètè gbẹ ni. Èkejì ni pé ó ń mú kí abẹ yọ̀ lórí awọ ara, kí ó má baà họ ọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kò gbọ́dọ̀ jó awọ ara níbi tí abẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Òṣùwọ̀n mẹ́ta náà nìyí: kí ó mú irun rọ̀, kí ó jẹ́ kí abẹ yọ̀, kí ó má sì ta awọ ara. Ohunkóhun tí kò bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yẹ ní arọ́pò.

Ní ilẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú, ọṣẹ ló ṣáájú. Ọṣẹ líle àti búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń ru ìfófó rẹ̀ sókè ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lò fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1904 ni King C. Gillette gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí abẹ fẹ́lẹ́ tí a lè sọ nù lẹ́yìn lílò, èyí tó jẹ́ kí fífá irùngbọ̀n kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ nìkan. Ní ọdún 1919 ni ìpara Barbasol jáde ní Amẹ́ríkà. Kò nílò búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Èyí fi hàn pé ìpara tí ọ̀dọ́ òde òní kà sí ohun tí kò ṣeé má nìí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ọṣẹ ni baba rẹ̀.

Ọṣẹ Dúdú: Arọ́pò Ni Tàbí Ìbátan?

Bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú ní agbègbè tí kòkó wà kò ṣòro láti tọpa. A ó sá èèpo kòkó sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. A ó sun ún di eérú. A ó da eérú náà sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí a lu ní ihò nísàlẹ̀, a ó sì gbé e ka orí ìkòkò mìíràn. A ó máa da omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi náà yóò máa kán sísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Omi eérú nìyẹn. Ó mú, ó sì lè bó ọwọ́. A ó gbé e kaná pẹ̀lú àdín, a ó máa fi ọmọrogùn rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí tí yóò fi ki, tí yóò sì di ọṣẹ. A lè fi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ti ṣùkù ọ̀pẹ dípò ti kòkó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà ni olùkọ́ ní láti lóye. Eérú èèpo kòkó kún fún èròjà potassium. Nígbà tí omi eérú bá pàdé ọ̀rá inú àdín, wọ́n di ọṣẹ potassium, èyí tó máa ń rọ̀, tó sì tètè ń hó. Ọṣẹ líle tí a ń fi wẹ̀ lójoojúmọ́ yàtọ̀. Èròjà sodium ló wà nínú tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi le. Ẹni tó bá wá yẹ ara páálí ìpara ìfárùngbọ̀n inú túùbù wò, yóò sábà rí i pé potassium hydroxide wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ásíìdì ọ̀rá tí ọ̀pọ̀ wọn ti ara àgbọn tàbí ọ̀pẹ wá, àti glycerin. Ọ̀rá inú àdín ekùrọ́ àti ti àgbọn jọra púpọ̀. Bí ìdajì ọ̀rá méjèèjì ló jẹ́ lauric, tó ń mú kí ọṣẹ hó. Glycerin náà kì í sọnù nínú ọṣẹ dúdú, nítorí pé ẹni tó sè é kò yọ ọ́ kúrò. Glycerin yìí ló ń fa omi mọ́ra, tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ tètè gbẹ lára.

Èyí ni kókó iṣẹ́ yìí. Irú ọṣẹ kan náà ló wà nínú ìkòkò obìnrin tó ń se ọṣẹ ní abúlé Òdìgbó àti nínú túùbù tó wà lórí àtẹ ní ìkòríta Ọ̀rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni òórùn dídùn, àwọ̀ funfun, páálí àti owó. Nítorí náà, ẹni tó ń lo ọṣẹ dúdú kì í ṣe ẹni tí kò rí ìpara rà. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìpara ló ń lò.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ torí pé nǹkan jẹ́ tiwa ká má sọ àléébù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìpara máa ń wọn èròjà rẹ̀. Ẹni tó ń se ọṣẹ nílé ń fi ojú àti ọwọ́ díwọ̀n ni. Bí omi eérú bá pọ̀ ju àdín lọ, ọṣẹ náà yóò ta ènìyàn. Ọṣẹ gbogbo ló ga lórí òṣùwọ̀n pH, láàárín 9 sí 10, nígbà tí awọ ara ènìyàn wà ní nǹkan bí 5. Ìdí nìyí tí ọṣẹ fi ń mú kí ara gbẹ bí a kò bá ṣàn án dáadáa, kí a sì fi ọ̀rá pa á lẹ́yìn náà. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló tẹ̀ lé èyí. A kì í lo ọṣẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. A ó jẹ́ kí ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí a wò ó di ọjọ́ kejì bóyá yóò ta wá. A kì í sì lo èyí tí a ti po egbò àti ewé mọ́ fún iṣẹ́ mìíràn. Ọṣẹ àwúre ní iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí abẹ ń kọjá.

Bí a ṣe ń lò ó kò nira. A ó bu ọṣẹ tó tó èso àgbàdo mélòó kan sí àtẹ́lẹwọ́, a ó fi omi díẹ̀ kún un, a ó fi ọwọ́ kejì rà á títí yóò fi hó. A ó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ àgbọ̀n, a ó fi ìfófó náà pa á, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí abẹ tó kàn án.

Àwọn Arọ́pò Mìíràn Tó Wà Nílé

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni olórí gbogbo wọn. Ẹni tí kò ní ohun mìíràn lè wẹ̀ tán kí ó tó fárùngbọ̀n, nítorí pé irun rẹ̀ yóò ti mu omi. Ṣùgbọ́n omi nìkan yege nínú òṣùwọ̀n kìíní àti ìkẹta. Kò yege tó nínú ti yíyọ̀.

Ọṣẹ ìwẹ̀ funfun lè ṣe é bí ó bá hó dáadáa, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbẹ lójú. Ẹni tó bá ń lò ó ní láti máa tún un pa bí ó ti ń fá a lọ.

Òrí àti àdín àgbọn yege nínú yíyọ̀ gidigidi, wọn kì í sì í ta awọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àìpé wọn ni pé ọ̀rá kì í mú irun rọ̀ bí omi. Nítorí náà, omi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ọ̀rá tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún máa ń dí ẹnu abẹ, a ó sì máa ṣàn án léraléra. Ibi tí òrí ti dára jù ni ẹ̀yìn tí a bá ti fá a tán, láti dá ọ̀rá tí ọṣẹ gbà padà fún awọ ara.

Kọndíṣọ́nà tí àwọn onídìrí ń lò náà wà ní ọ̀pọ̀ ilé. Irun ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ó ń mú un rọ̀, abẹ sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Oje inú ewé etí erin pẹ̀lú ń yọ̀, ó sì ń tu awọ ara lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yún àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn Ohun Tí Kò Yẹ

Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ló léwájú. Ó ń hó lóòótọ́, ìfófó rẹ̀ yìí ló sì ń tan ènìyàn jẹ. A ṣe é láti já ọ̀rá kúrò lára aṣọ. Bí ó bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀rá awọ ara náà ni yóò já. Ó yege nínú òṣùwọ̀n kìíní, ó já kulẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀kẹta.

Ọṣẹ ìfọyín, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní makilíìnì, funfun bí ìpara, ṣùgbọ́n èròjà tó ń mú ẹnu tutù nínú rẹ̀ máa ń ta ojú abẹ. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ta ni, bí oòrùn bá sì pa ibi tí a fi í pa, ó lè jó awọ ara, kí ojú ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kẹrosíìnì kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí a ń dárúkọ mọ́ ara ènìyàn.

Ìyẹ̀fun tó ń jẹ irun láìlo abẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Magic, kì í ṣe ohun inú ilé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mẹ́nu bà á. Kì í mú irun rọ̀ fún abẹ. Ó ń yọ́ irun fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ́ kó pẹ́ lára ju àkókò tí a kọ sára páálí rẹ̀ lọ, awọ ara rẹ̀ ni yóò yọ́ tẹ̀ lé irun.

Kókó Ọrùn àti Ọ̀rọ̀ Abẹ

Kókó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní bọ́mpù ní ìdí tirẹ̀. Irun aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ká. Nígbà tí abẹ bá gé e, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Bí ó ti ń dàgbà, yóò ká padà, yóò sì gún awọ ara wọlé. Ara yóò kà á sí àjèjì, ibẹ̀ yóò sì wú. Ìpara tó dára jù lágbàáyé kò lè wo èyí sàn bí ọwọ́ tó di abẹ mú kò bá dára. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fá irun sí ibi tó kọjú sí, kì í ṣe lòdì sí i. A kò gbọ́dọ̀ fa awọ ara le. A kò gbọ́dọ̀ tẹ abẹ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ fá ojú kan léraléra. Ẹni tí kókó náà bá ń yọ lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ẹ̀rọ gé irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú, kí ó má fá a délẹ̀. Bó bá ń ṣọyún tàbí tó ń di àpá tó ga, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ewu tó ga jù wà nínú abẹ fúnra rẹ̀. Ní ilé tí baba, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń lo abẹ kan, tàbí ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rẹ́ ti ń yá ọ̀rẹ́ ní abẹ, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí lè ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Kòkòrò HIV àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú B lè gba ọ̀nà yìí. Ti mẹ́dọ̀wú B tilẹ̀ lè wà láàyè lórí ohun èlò fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Làpálàpá orí náà máa ń ti ara ẹ̀rọ ìgẹrun ran ọmọdé. Fífi omi ṣan abẹ kò pa kòkòrò wọ̀nyí, ìpara tàbí ọṣẹ kò sì pa wọ́n. Abẹ fẹ́lẹ́ kò wọ́n. Kí oníkálukú ní tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lè mú abẹ tirẹ̀ dání, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ètò Ìkọ́ni

Ètò yìí wà fún kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré, fún ogójì ìṣẹ́jú. Orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni "Ìmọ́tótó Ara: Irun Fífá".

Èròǹgbà: Ní òpin ìdánilẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè (i) ya "fá" àti "gé" sọ́tọ̀, (ii) dárúkọ ohun èlò onígbàjámọ̀ mẹ́rin, (iii) ṣàlàyé bí a ṣe ń se ọṣẹ dúdú ní ìgbésẹ̀ márùn-ún, (iv) sọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ máa yá ara wa ní abẹ.

Ohun èlò ìkọ́ni: Ọṣẹ dúdú díẹ̀, abọ́ omi, òrí, páálí ìpara ìfárùngbọ̀n tí ó ti ṣófo, èèpo kòkó gbígbẹ, àti ìdí ṣíbí oníke dípò abẹ. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ mú abẹ gidi wọ kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Olùkọ́ yóò pa òwe "A kì í fárí lẹ́yìn olórí", yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ibi tí a ti lè lò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Olùkọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sójú pátákó: àgbọ̀n, àgbọn, agbọ̀n, agbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pè wọ́n, wọn yóò sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Gbólóhùn bíi "Àlàó fi àdín àgbọn pa àgbọ̀n" yóò fi hàn wọ́n pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó fi òrí pa orí".

Ìgbésẹ̀ kẹta: Akẹ́kọ̀ọ́ méjì yóò mú ọṣẹ dúdú hó ní àtẹ́lẹwọ́, wọn yóò fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, wọn yóò sì fi ìdí ṣíbí fà á. Wọn yóò tún fi ìdí ṣíbí fa ọwọ́ gbígbẹ. Kíláàsì yóò sọ ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ní èdè Yorùbá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá orúkọ èròjà potassium lára páálí. Olùkọ́ yóò wá fi èèpo kòkó hàn wọ́n, yóò sì so méjèèjì pọ̀.

Ìgbéléwọ̀n àti iṣẹ́ àṣetiléwá: Akẹ́kọ̀ọ́ yóò bi àgbà kan nílé léèrè ohun tí wọ́n fi ń fárí nígbà èwe rẹ̀, yóò kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò gbọ́ rí sílẹ̀, yóò sì kọ ìtumọ̀ wọn. Nípa báyìí, ajere, omi eérú àti ọmọrogùn yóò padà sí ẹnu ọmọdé.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohun tí ènìyàn nílò kí abẹ tó kan àgbọ̀n rẹ̀ kò jìnnà sílé. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú tó ti jókòó dáadáa àti òrí lẹ́yìn rẹ̀ tó o. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń hó ni ọṣẹ ìfárun, àti pé abẹ tí a yá lewu ju ìpara tí a kò rí rà lọ. Fún olùkọ́ èdè, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ tó gbé e dání kì í ya ara wọn. Ọjọ́ tí a bá dẹ́kun sísun èèpo kòkó fún ọṣẹ, a ó gbàgbé ajere. Ọjọ́ tí a bá sì gbàgbé ajere, ọmọ tí wọ́n bí sáàárín oko kòkó ní Òdìgbó yóò máa ra ohun tí wọ́n sọ nù ní oko baba rẹ̀. Olùkọ́ tó bá lọ dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú àgbọ̀n tó mọ́, tó sì lè fi Yorùbá tó já gaara sọ bí ó ṣe mọ́, ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde láti ilé.